Ẹja Kílò Méjì Ẹ Ń Wọ̀n, Ìtì Igi Ẹ Ń Fojú Gbé

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé kíkí àti àdúrà ni ẹ ń retí lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ìbáwí ni mo gbé wá lónìí, ẹ̀yin náà lẹ sì fà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sídìí ọpọ́n ẹja mi ní Ọjà Olúwo, níbí ní Ẹ̀pẹ́, èmi àti oníbàárà kan ń fà á lórí àrọ̀ kan ṣoṣo. Ìyàwó kékeré ni, láti Èkó ló ti wá, ó sì gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ sínú báàgì. Ó ní òṣùwọ̀n tiwa ń purọ́. Mi ò bínú. Mo gbé ẹja kọ́ sórí tèmi, mo gbé e kọ́ sórí tirẹ̀, a tún yá ti ìyá tó ń tà lápá ọ̀tún mi, òun fúnra rẹ̀ ti lọ ra yìnyín. Kílò méjì àti díẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wí. Ẹja tó ṣì ń fi ìrù gbá wa lójú, ẹ̀ẹ̀mẹta la wọ̀n ọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ọmọbìnrin yìí. Mo yìn ín nínú ọkàn mi, bí mi ò tilẹ̀ jẹ́ kó mọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Lẹ́yìn wa, létí omi níbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin dúró yí ìtì igi máńgòrò kan ká. Ìjì ló wó igi náà lóru ọjọ́ kejì ṣáájú. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ gé e, oje ṣì ń kán lójú ibi tí wọ́n ti gé e, wọ́n wá fẹ́ gbé ìtì kan sínú ọkọ̀ kékeré kọjá sí òdìkejì. Àgbà inú wọn fojú wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Kò lè ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ." Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ké "hẹ̀ẹ́!" Ìtì ò mì. Ìbàdí rẹ̀ ló mì.

Mo fi ẹja sílẹ̀. Mo ní, ẹ dúró, ẹ̀yin ọmọ yìí! Ṣé ẹ rí ọmọbìnrin tó wà níwájú mi yìí? Kílò méjì ló wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin, ohun tó wúwo ju ẹni méjì nínú yín lọ, ẹ ò wọ̀n ọ́n rárá, ojú lásán lẹ fi gbé e.

Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo ohun tí kò lè pa yín lára lẹ ń wọ̀n. Ẹ ń wọn gààrí ní kóńgò, ẹ sì ń wo ìdí kóńgò bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ẹni tó fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òru mẹ́ta ló fi ń gbé àpótí lé òṣùwọ̀n, á yọ èlùbọ́ kúrò, á fi ẹja gbígbẹ sí i, á tún yọ bàtà kan, nítorí kí ó má baà ju 23 kílò lọ. Igi tútù ńkọ́? Rárá o, "ẹ jẹ́ ká gbé e wò ná." Gbé e wò! Mo mọ ọkùnrin kan tó gbé e wò báyìí. Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ dìde lórí àga, á kọ́kọ́ pe orúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn bàbá wa wí pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wíwò ni wọ́n sọ, wọn ò sọ pé ojú lè wọ̀n. Ojú kò mọ ìwúwo igi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, iṣẹ́ gẹdú ló ṣe títí ó fi dàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba afárá Third Mainland kọjá, ẹ ti rí Oko Bàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta rí, níbi tí èéfín ti ń rú lórí ìyẹ̀fun igi, tí gẹdú sì sùn sójú omi bí ọ̀nì. Ojú omi ni púpọ̀ nínú gẹdú yẹn gbà débẹ̀, láti ọ̀nà Òǹdó, láti Ìjẹ̀bú, gba iwájú ilé wa níbí kọjá. Wọ́n á so ìtì pọ̀ mọ́ ìtì bí ẹní, ènìyàn á máa gbé orí rẹ̀, á máa dáná lórí rẹ̀, á máa sùn lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Bó bá kọjá ní Ẹ̀pẹ́, ìyá wa á gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, èmi ni mo máa ń wà á lọ bá a. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ní kí àwọn onígẹdú Oko Bàbá máa bọ̀ wá sí Agbówà, lọ́dọ̀ wa níbí. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Igi tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Èkó, Èkó tún fẹ́ lé e padà wá bá wa. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Orí gẹdú tó léfòó yẹn ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló dé tí ìtì kan yọ sókè lójú omi bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, tí èkejì rì dé ọrùn, tí ẹ̀kẹta sì jẹ́ pé okùn ni wọ́n fi so ó kọ́ sáàárín méjì kó má baà lọ sísàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tó yọ sókè yẹn, arère ni. Èyí tó rì dé ọrùn, ìrókò tútù ni. Èyí tí wọ́n gbé bí ìyàwó yẹn, ẹ̀kì ni, igi tó le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ri òpó mọ́ inú omi òkun láti fi ṣe èbúté. Òun kò mọ líléfòó lójú omi, àfi kí igi tó fúyẹ́ gbé e. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sanra bákan náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn bákan náà. Lójú èmi ọmọdé, ìbẹ́ta ni wọ́n.

Ó wá sọ ohun tí n kò gbàgbé. Ó ní, "Àbúrò, omi ni òṣùwọ̀n tó dàgbà jù. Bí ìdajì igi bá wà lábẹ́ omi, ìdajì ìwúwo omi ni igi náà ní. Bí gbogbo rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, bí omi ló ṣe wúwo. Bó bá rì, ó ju omi lọ nìyẹn." Ẹ ò rí i bí? Kò lọ sí yunifásítì kankan. Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé bá dìde dúró, kò lè rí i. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń sùn lórí tirẹ̀ ni.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí: mélòó wá ni omi fúnra rẹ̀? Ẹ fojú inú wo àpótí kan tó jẹ́ mítà kan ní ìbú, mítà kan ní òró, mítà kan ní gíga. Bí ẹ bá pọn omi kún un, 1,000 kílò ni. Ogún àpò sìmẹ́ńtì. Ó wá kù kí ẹ mọ ìwọ̀n àyè tí ìtì yín gbà.

Okùn ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń mọ̀ ọ́n. Okùn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bí tẹ́sùbáà. Bó bá dé ìdí gẹdú, á fi okùn yí i ká láàárín gan-an, kì í ṣe ní ìdí tó sanra, kì í sì í ṣe lápá orí tó tín-ín-rín. Á wá ká okùn yẹn sí méjì, á tún un ká sí méjì. Ìdámẹ́rin tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni á fi ṣe ìhà igi, bí ẹni pé ìtì náà ní igun mẹ́rin bí àpótí. Á sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, á fi gígùn igi lọ́nà rẹ̀, ó tán. Mo rò pé òun ló dá ọgbọ́n yìí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ pé òyìnbó kan tó ń jẹ́ Edward Hoppus ti tẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1736, àwọn òyìnbó oníṣòwò gẹdú ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi kú láìgbọ́ orúkọ Hoppus rí, ó sì lo okùn rẹ̀ fún ogójì ọdún.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún okùn alápá mẹ́rin yẹn o. Kò ka gbogbo igi. Nínú 100, 78 àti díẹ̀ ló ń kà; ó fi ìyókù sílẹ̀ fún èèpo àti ẹ̀gbẹ́ tí ayùn yóò gé dànù kí pákó tó jáde. Ẹni tó ń ra pákó ni wọ́n ṣe é fún, ó sì dára fún un. Ẹ̀gbẹ́ igi tí ayùn yóò gé dànù lọ́la yẹn, ẹ̀yìn yín ni yóò kọ́kọ́ gbé e lónìí.

Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ni ní ìṣirò ló bá mi tún un ṣe, ó sì rọrùn ju ti òyìnbó yẹn lọ. Ẹ yá tépù lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ fi wọn ìyíká ààrin igi ní mítà, pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀. Ẹ fi gígùn igi lọ́nà rẹ̀, ní mítà. Ẹ wá fi 80 lọ́nà gbogbo rẹ̀. Kílò tí ìtì náà yóò jẹ́ bó bá wúwo bí omi ló jáde yẹn. Ìtì máńgòrò àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyẹn, ìyíká rẹ̀ jẹ́ mítà kan àti ààbọ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan. 1.5 lọ́nà 1.5 jẹ́ 2.25. Ẹ fi 80 lọ́nà rẹ̀: 180 kílò. Àpò sìmẹ́ńtì kan, àbí?

Ẹ kíyè sí ìlọ́po ìyíká yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí igi bá gùn ní ìlọ́po méjì, ìwúwo rẹ̀ á di méjì. Ìyẹn kò ṣòro. Ṣùgbọ́n bí ìyíká rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, mẹ́rin ni ìwúwo ń dà. Ìtì onímítà kan yẹn náà, bí ìyíká rẹ̀ bá jẹ́ mítà mẹ́ta, 720 kílò ni. Ẹni tó ti gbé èyí tó tín-ín-rín rí á wo èyí tó sanra, á ní, "kò ju ìlọ́po méjì èyí tí mo gbé lánàá lọ." Ibi tí ilé ìwòsàn ti ń rí oníbàárà nìyẹn.

Ẹ tún mọ̀ pé igi tútù, omi ló kún inú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ igi, bí ẹ bá gé e lónìí, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwúwo rẹ̀ tó jẹ́ omi lásán. Àwa tí à ń yan ẹja mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Igi tútù nínú ààrò, ẹkún ló ń sun, èéfín rẹ̀ á dúdú mọ́ ẹja bí ẹ̀ṣẹ̀, ẹja á korò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ra igi ìdáná tútù, bó ti wù kó pọ̀ tó. Onígi á ní, "Ìyá, ẹ wò ó bó ṣe wúwo, igi gidi ni." Ọmọ mi, omi ni, kànga kún Ẹ̀pẹ́, n kò ní fi owó ra omi lọ́wọ́ rẹ. Mo máa ń wo orí igi bóyá ó ti sán, mo máa ń wo èèpo bóyá ó ti ń ṣí, mo máa ń fi kan kan èkejì. Gbígbẹ á dún kọ́n. Tútù á dún gbì, bí ẹni tí ẹ gbá lẹ́yìn lẹ́yìn oúnjẹ. Gáàsì tó wọ́n sì ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di onígi padà, nítorí náà ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yan ẹja nìkan ni mò ń sọ.

Ọmọ àbúrò mi kan náà fojú wọn igi. Ó yá píkọ́ọ̀pù tó jẹ́ pé tọ́ọ̀nù kan, 1,000 kílò, ló lè gbé, ó lọ kó ìtì tútù. Ó kó mẹ́sàn-án sí i. Mo ní kí ló dé tó fi kó mẹ́sàn-án. Ó ní, "Ọkọ̀ ò tíì kún, Mama." Ọkọ̀ ò tíì kún! Bí ìtì kọ̀ọ̀kan bá ti tó 160 kílò, ẹ kà á fúnra yín, ó ti lé ní 1,400. Nínú ọkọ̀ tí ẹ fi ń ru fúùmù, kíkún ni òṣùwọ̀n. Nínú ọkọ̀ igi tútù, ìdajì ọkọ̀ lè ti pọ̀ jù. Sípíríǹgì ẹ̀yìn dá lójú ọ̀nà. Owó tó fi tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe ìbá ra igi ìdáná ìgbéyàwó méjì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí etí omi. Mo ti pariwo tán, mo ti fi tépù wọn ìtì wọn, mo ti ka 180 fún wọn, àwọn ọmọ ń wò mí. Àgbà wọn ní, "Mama, 180 yẹn, tí igi bá wúwo bí omi ni. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá máńgòrò wúwo bí omi?" Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn débi pé mo gbàgbé pé mò ń bínú. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé awẹ́ kan pẹlẹbẹ lára igi náà, roboto bí pátákó tí ẹlẹ́ran fi ń gé ẹran, kó nípọn tó ìka márùn-ún, kó ní èèpo, kó sì ní inú. Wọ́n gbé e wá. Mo ní kí wọ́n jù ú sínú ọpọ́n ńlá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbàgbé pé àrọ̀ wà nínú ọpọ́n yẹn. Omi fọ́n sí gbogbo ara wa. Àrọ̀ méjì fò jáde, ọ̀kan wọ abẹ́ àga ìyá aláta. Ọmọbìnrin tó ra tèmi gbé aṣọ sókè, ó ń sá. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi rọ̀, a rí i kedere: awẹ́ igi léfòó jẹ́jẹ́, nínú ìka márùn-ún, ìdajì ìka kan péré ló yọ sókè. Ìka mẹ́rin àti ààbọ̀ wà nísàlẹ̀. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kì í ṣe 180, 162 kílò ni. Mo fi èédú fa ìlà sí ibi tí omi dé, kí wọ́n má baà ní mo sọ ọ́ lẹ́nu.

Bí ìtì náà bá ní ihò nínú, ìṣirò yìí á ní ó wúwo ju bó ṣe wúwo lọ, ìyẹn kò lè ṣe yín ní nǹkan. Bó bá sì ti wà nínú ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ti mu omi kún tirẹ̀. Ẹ kà á pé ó wúwo tó omi, ó kéré tán, ẹ má jiyàn.

Àjọ Amẹ́ríkà kan tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, NIOSH, ní 23 kílò ló pọ̀ jù tó yẹ kí ẹnìkan gbé, ìyẹn pẹ̀lú pé ẹrù wà nítòsí ara, ilẹ̀ ò yọ̀, a ò sì ní yí ìbàdí. Ẹ wo 23 yẹn dáadáa: àpótí Lọ́ńdọ̀nù ni! Mo mọ̀ pé aláàárù wa ń gbé àpò sìmẹ́ńtì 50 kílò. Mo tún mọ bí aláàárù ṣe ń rìn nígbà tó bá dàgbà. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin yẹn, bí wọ́n bá pawọ́ pọ̀ gbé 162, ó lé ní 40 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lórí ẹrẹ̀, igi tí oje mú yọ̀, sínú ọkọ̀ tí kò dúró sójú kan. Bó bá sì yí nínú ọkọ̀, bí igi bá ré lu igi ni wọ́n ń sọ pé tòkè la ń kọ́ gbé. Bí igi bá ré lu ènìyàn nínú omi, ta ni wọ́n ń kọ́ gbé?

Wọ́n tan ẹ̀rọ wọn, wọ́n gé e sí mẹ́rin. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí ogójì kílò. Ẹni méjì méjì gbé e, wọ́n fi pákó ṣe àtẹ̀gùn sínú ọkọ̀, wọ́n tò ó sáàárín, kò sì sí èyí tó ké "hẹ̀ẹ́" mọ́. Awẹ́ tí mo fi ìlà èédú sí wà lọ́dọ̀ mi, mò ń gé ẹja lórí rẹ̀.

Kí àgbà wọn tó wọ ọkọ̀, ó wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fọwọ́ ra ìbàdí, ó ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyá mi." Ìyá rẹ̀ ni ẹni tó ní òṣùwọ̀n tí a yá, tó lọ ra yìnyín. Mo ní mi ò ní sọ. Mi ò sì sọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ mọ̀wé, gbogbo ohun tí mo bá sì kọ ló máa ń kà.